Ìjẹ ẹ̀tàn tí mo fi igi arère gbẹ́ ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú omi: níbo ni mo ti ṣì í?

Agbẹ́ja Òde:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ ìjẹ ẹ̀tàn ni mo bá wá, ìyẹn ẹja kékeré tí a fi igi gbẹ́, tí a so ìwọ̀ mọ́, tí a ń jù sódò tí a sì ń fà padà kí ẹja ńlá lè rò pé ọmọ ẹja tí ara rẹ̀ kò yá ni. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ pa ẹja tí wọ́n ń pè ní bass. Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rà á. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo sì bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan tó ti òkè òkun wá, mo rí i pé owó náà yóò ra gàárì tí gbogbo ilé mi yóò mu fún ọ̀sẹ̀ kan, ni mo bá ní èmi náà yóò gbẹ́ tèmi.

Mo ra àjákù pákó arère kan ní ilé ìlagi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo gé e sí sẹ̀ǹtímítà 9 ní gígùn àti sẹ̀ǹtímítà 2 ní ìbú, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ títí orí àti ìrù rẹ̀ fi rí tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi sáńpépà ha á títí ó fi ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo fi ọ̀dà funfun kun ikùn rẹ̀, mo fi àwọ̀ ewé kun ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì fi kùtẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi fa ìlà pupa sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Ara sídíì àtijọ́ ni mo ti gé ètè fún un, ìyẹn pẹlẹbẹ kékeré tó yọ síta lábẹ́ imú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí i nílé ló ń yìn ín. Ọmọ mi tilẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí ilé-ìwé.

Àmọ́ nígbà tí mo jù ú sínú omi Yémòjí, ṣe ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹja tó ti kú láti àná. Bí mo bá fà á, á máa yí bírí, á sì máa lọ́ okùn mi pọ̀. Mo wá kan ìṣó kékeré mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó lè wúwo. Ó dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó nàró sínú omi bí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀. Níbo ni mo ti ṣì í?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Igi tí ẹ mú kò burú. Arère rọrùn láti gbẹ́, kò wúwo, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ahùn. Ìrókò àti ọ̀gànwó ni kí ẹ má fọwọ́ kàn, torí wọ́n wúwo débi pé kò ní sí àyè tí ẹ ó fi fi irin sí i mọ́. Igi kan wà tí àwọn ará òkè òkun ń lò, tí wọ́n ń pè ní balsa, tó fúyẹ́ ju arère lọ dáadáa. Bí ẹ bá ń wá ohun tó súnmọ́ ọn ní tiwa, ẹ wá ọ̀pá imọ̀ ògùrọ̀ tó ti gbẹ, kí ẹ bó èèpo líle ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì lo inú rẹ̀. Kò ní agbára tí yóò fi di ìwọ̀ mú, nítorí náà wáyà gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá láti imú dé ìrù, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹja bá fọ́ igi náà mọ́ ẹnu, wáyà ni yóò ṣì di ẹja mú.

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe la pákó náà? Ìlà inú igi gbọ́dọ̀ gùn láti orí dé ìrù. Bí ó bá dábùú, ọjọ́ tí ẹ bá jù ú lu afárá ni yóò dá sí méjì.

Ọmọ Òde ní Georgia:

Ẹ̀gbọ́n Agbẹ́ja, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni èmi náà, ìpínlẹ̀ Georgia ni mo ń gbé, ó sì ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń fi ìjẹ àfọwọ́gbẹ́ pa bass nínú adágún kan tí kò jìnnà sí ilé wa. Àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́ ṣe ohun tí tiyín ṣe yìí gan-an, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yí ọ̀dà rẹ̀ padà kí n tó mọ̀ pé ọ̀dà kọ́ ló ń ṣe é.

Igi tí kò ní irin nínú kò mọ ibi tó jẹ́ ikùn, kò mọ ibi tó jẹ́ ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ti gbẹ́ ẹ roboto bí ọmọ odó, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dọ́gba lójú omi, yóò sì sùn síbi tó bá wù ú. Irin tí ẹ bá fi sí ikùn rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé ìsàlẹ̀ nìyí. Ìṣó tí ẹ kàn mọ́ ìdí ti sọ fún un pé ìdí ni ìsàlẹ̀, ohun tó mú un nàró nìyẹn. Abẹ́ ikùn ni irin yẹ kó wà, kí ó fi díẹ̀ súnmọ́ orí ju ìrù lọ, kí ó sì wà nísàlẹ̀ débi tí igi bá lè gbà á. Irin tí a bá fi sókè nínú igi kò ṣe ju pé kí ó mú un wúwo lásán.

Ẹ má tíì lu ihò kankan o. Ẹ kọ́kọ́ so gbogbo ìwọ̀ àti òrùka mọ́ ọn, torí pé ìwúwo tàwọn náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi rọ́bà de irin mọ́ abẹ́ rẹ̀ níta, kí ẹ sì gbé e sínú báàfù tó kún fún omi. Ẹ máa sún irin náà síwájú àti sẹ́yìn títí ẹja yóò fi léfòó pẹ̀lú ẹ̀yìn lókè, tí orí rẹ̀ yóò sì tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi bírò sàmì sí, kí ẹ tó wá ohun tí ẹ ó fi lu ihò.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìdúró rẹ̀ ju àwọ̀ rẹ̀ lọ ni ìwà bass fúnra rẹ̀. Kì í lé ẹja lọ jìnnà. Abẹ́ igi tó wó sómi, abẹ́ ewé, abẹ́ èbúté onípákó ni í máa ń lúgọ sí. Ìlà kan wà lára rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí dé ìrù tó fi ń gbọ́ bí omi ṣe ń mì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń mọ̀ nínú omi tó dú bí aró pé nǹkan kan ń kọjá níwájú òun. Ìjẹ yín gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sí ìlà yẹn kí ojú tó dé ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Lauri Rapala, apẹja ará Fínlándì, mọ èyí. Ní 1936, ó gbẹ́ tirẹ̀ láti ara èèpo igi kọ́ọ̀kì, ó fi bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì bò ó kí ó lè dán bí ìpẹ́, ó sì yọ́ fíìmù fọ́tò àlòkù sára rẹ̀ kí omi má bàa wọlé. Ohun tó ti rí lójú adágún ni pé ẹja ńlá máa ń fi odindi agbo ẹja kékeré sílẹ̀, a sì lọ mú ẹyọ kan tó ń rìn tàgé-tàgé nínú wọn. Ìrìn tàgé-tàgé yẹn ló ń gbẹ́, kì í ṣe ẹja.

Níhìn-ín ní Georgia, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1932, George Perry fi ìjẹ onígi pa bass kan ní adágún Montgomery tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 22 àti áúńsì 4, ó lé díẹ̀ ní kílò 10. Títí di 2009 tí Manabu Kurita bá a dọ́gba ní adágún Biwa ní Jàpáànì, kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ẹja ààyè ni Kurita fi ṣe ìjẹ tirẹ̀ ṣá o. Mo ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo fi pamọ́.

Ọmọ Apẹja Ìwópin:

Àǹtí Georgia ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, n kò tún ní sọ mọ́: ẹja ààyè.

Bàbá mi àti bàbá tó bí wọn pẹja lórí ọ̀sà yìí, àwọ̀n àti ìgèrè ni wọ́n lò, ìwọ̀ tí wọ́n bá sì dẹ, ọmọ èpìyà ni wọ́n ń fi sí i lẹ́nu. N kò sọ pé igi kò lè pa ẹja. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ mọ irú ẹja tí wọ́n ń tàn, nítorí bass kò sí nínú omi wa. Ọ̀bọ̀kún ń wá oúnjẹ rẹ̀ nísàlẹ̀, kò ní sáré tẹ̀lé igi. Àrọ̀ fẹ́ràn ohun tó ń rùn, igi arère kì í sì í rùn tó bí ìfun adìẹ.

Ẹja méjì ló ń hùwà bíi bass lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, imú rẹ̀ gùn, eyín rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, a máa dúró jẹ́ẹ́ lẹ́bàá ewéko, a sì ta jáde bí ọfà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Hepsetus odoe. Ìhó funfun bí ìhó ọṣẹ ló fi ń ṣe ìtẹ́ sójú omi, inú rẹ̀ ló ń yé ẹyin sí. Bí ẹ bá rí irú ìhó bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá koríko, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ lè jáde. Èkejì ní orí bí orí ejò, ara rẹ̀ ní àmì dúdú-dúdú, òun ni wọ́n ń pè ní Parachanna obscura. A máa yọrí sókè láti mí afẹ́fẹ́, inú ewéko tó ṣú gan-an ni ó sì ń gbé.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni eyín ẹni àkọ́kọ́ yẹn. Yóò gé okùn nàìlọ́nù yín bí ẹní gé òwú. Ẹ yọ fọ́nrán kan nínú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, kí ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 rẹ̀ sáàárín okùn àti ìjẹ. Ìṣòro kejì ni koríko. Àwọn àgbà ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àlejò olódòdó àlùkò tó gba ọ̀nà Bàdágìrì wọlé ní 1984, èyí tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, ti wá lékè àwọn méjèèjì. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tó ń fì lábẹ́ ìjẹ yín kò ní lọ tó mítà kan kó tó há. Fún inú koríko, ẹ gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì àtijọ́ ní àwòrán ọ̀pọ̀lọ́, kí ẹnu ìwọ̀ méjì kọjú sókè, kí wọ́n sì fara mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ẹ máa fà á lórí ewé, kí ẹ dá a dúró ní ojú ihò omi díẹ̀, kí ẹ tún fà á. Olórí ejò yóò la ewé náà jáde lọ bá a.

Agbẹ́ja Òde:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo gbé e sínú báàfù lálẹ́ àná, ọ̀rọ̀ Àǹtí Georgia sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bèèrè nǹkan kan: fọkanáísà àdúgbò wa fún mi ní àwọn òjé tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, mo tún ní bátìrì àtijọ́ kan tí òjé wà nínú rẹ̀. Mo rò pé kí n yọ́ ọ nínú agolo mílíìkì lórí sítóòfù ilé ìdáná, kí n sì dà á sínú ihò ikùn ẹja náà tààrà. Ṣé ó bójú mu?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Ṣàgámù:

Kò bójú mu rárá. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀ kọ́ ni mo bá wọ inú ìjíròrò yìí tẹ́lẹ̀, àmọ́ n kò lè ka ìyẹn kí n kọjá.

Òjé máa ń yọ́ bí ooru rẹ̀ bá dé 327°C, ohun tí sítóòfù lè ṣe nìyẹn, ìrọ̀rùn yìí gan-an sì ni ẹ̀tàn tó wà nínú rẹ̀. Èéfín àti eruku rẹ̀ yóò bà sórí ìkòkò, sórí àwo, sórí ilẹ̀ tí ọmọ yín ń jókòó sí. A kì í rí i, a kì í gbóòórùn rẹ̀, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a lè pè ní èyí tí kò léwu; ọpọlọ ló ń bà jẹ́. Ní Zamfara ní 2010, ọmọ tó lé ní 400 ló kú nítorí pé àwọn àgbà ń fọ́ òkúta wúrà tó ní òjé nínú láàárín agbo ilé. Ẹ má jẹ́ kí a lọ jìnnà: gbogbo wa ní Rẹ́mọ la mọ májèlé tí yíyọ́ òjé bátìrì ti dá sílẹ̀ ní Ògìjó. Bí ẹ̀kán omi kan bá tún wà nínú agolo yẹn nígbà tí òjé bá yọ́, yóò bú gbàù sí yín lójú. N kò tíì sọ nípa ásíìdì inú bátìrì.

Ẹ lo irin. Òjé wúwo tó ìlọ́po 11.3 omi, irin jẹ́ 7.8, ìyẹn ni pé ihò yín yóò kàn fẹ̀ díẹ̀ sí i ni. Ìṣó ìńṣì mẹ́rin kan tí mo gbé sórí ìwọ̀n ilé-ìwé wa jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 12. Ẹ fi ayùn irin gé e bí ẹ bá ṣe fẹ́.

Níwọ̀n bí mo ti dá sí i, ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ ìdíwọ̀n kan kún un. Ẹ fi rọ́bà àti irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ẹ wá ife tí wọ́n fa ìlà mílílítà sí lára, ẹ rọ omi sí i, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ tẹ igi náà rì pátápátá. Iye mílílítà tí omi bá fi gòkè ni iye gíráàmù tí ìjẹ yín kò gbọ́dọ̀ jù bí ẹ bá fẹ́ kó léfòó. Bí gbogbo rẹ̀ bá dín díẹ̀ sí iye yẹn, yóò gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá jù ú, yóò rì.

Ọmọ Òde ní Georgia:

Mo fara mọ́ Olùkọ́. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, láti 1987 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀pọ̀ òjé kéékèèké tí apẹja ń so mọ́ okùn, nítorí pé àwọn ẹyẹ ńlá ojú omi ń gbé e mì, wọ́n sì ń kú. Irin ni èmi náà ń lò, mo máa ń fi kùtẹ́ẹ̀sì kùn ún kó má bàa dípẹtà nínú igi.

Agbẹ́ja Òde:

Mo ti dá òjé fọkanáísà padà. Ìyàwó mi ka ọ̀rọ̀ Olùkọ́ lójú mi, ọ̀rọ̀ sítóòfù sì parí síbẹ̀.

Mo mú ẹja náà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù kan tó ní ìwọ̀n kékeré. Igi nìkan jẹ́ gíráàmù 8. Ìwọ̀ méjèèjì, wáyà àti òrùka jẹ́ 4. Ìdajì ìṣó ìńṣì mẹ́rin jẹ́ 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 18, omi sì gòkè ní mílílítà 20 nígbà tí mo tẹ igi náà rì, èyí tó fi hàn pé gíráàmù 2 péré ló ń gbé e dúró. Mo sún irin títí ó fi dúró dáadáa, mo gé e sí wẹ́wẹ́ mẹ́ta, mo lu ihò mẹ́ta sí ikùn, mo fi gọ́ọ̀mù Araldite dí i. Mo mu gàárì nígbà tí mo ń dúró kí ó gbẹ, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ní Yémòjí láàárọ̀ yìí, ó dúró ṣinṣin, ẹ̀yìn lókè, ikùn nísàlẹ̀. Nígbà tí mo fà á, ó bẹ́ sísàlẹ̀, ó sì ń mi ìdí lọ bí oníjó. Inú mi dùn débi pé mo pariwo, àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ sì yíjú sí mi. Ẹyọ ohun tó kù ni pé kì í lọ tààrà. Apá òsì ló ń yà sí ní gbogbo ìgbà, bí mo bá sì fà á kíákíá, yóò dojú dé.

Ọmọ Òde ní Georgia:

Ẹ fi píláyà tẹ òrùka imú rẹ̀, èyí tí ẹ ń so okùn mọ́, sí ọ̀tún díẹ̀ gan-an. Bí ìjẹ bá ń yà sí òsì, ọ̀tún ni a ń tẹ òrùka sí. Bí ó bá ń yà sí ọ̀tún, òsì ni. Kí ó má ju bí ìbú irun méjì mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dán an wò lẹ́yìn ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ̀ ẹ́ jù, wọ́n á wá máa tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí wáyà yóò fi dá.

Báwo ni ètè rẹ̀ ṣe dúró? Ètè tó nà síwájú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara ẹja dọ́gba, ni í mú un wọlẹ̀ jinlẹ̀. Èyí tó tẹ̀ sísàlẹ̀ bí àgbọ̀n ni í jẹ́ kó máa rìn nítòsí òkè, a sì máa mì púpọ̀. Bí koríko bá pọ̀ ní Ìwópin bí àbúrò wa ti wí, èyí tó tẹ̀ sísàlẹ̀ ni ẹ nílò.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ máa tẹ wáyà lọ, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé wáyà ni. Ètè ló wọ́. Mo tún wo àwòrán tí ẹ fi sókè, mo sì rí i pé ẹ̀yìn tí ẹ ti gbẹ́ ẹ roboto tán ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ayùn la ẹnu rẹ̀. Ohun roboto kò ní ibi tí ojú ń gbára lé, kò sí bí ọwọ́ kò ṣe ní yẹ̀. Nígbà tí pákó ṣì jẹ́ onígun mẹ́rin, tí gbogbo etí rẹ̀ ṣì tọ́, nígbà yẹn ni kí ẹ fa ìlà àárín, kí ẹ la ẹnu fún ètè, kí ẹ sì lu gbogbo ihò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀bẹ tó kàn. Bí a ṣe ń ṣe ẹsẹ̀ àga náà nìyẹn: a kì í gbẹ́ ẹ tán kí a tó wá ibi tí a ó ti lu u.

Wáyà títẹ̀ yóò bò ó mọ́lẹ̀, n kò jiyàn. Ẹ kàn ṣe èkejì dáadáa.

Ọmọ Ìpẹru:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò. Èmi kò ní sùúrù igi. Ṣíbí ìjẹun àtijọ́ ni mo fi ń ṣe tèmi: mo fi ayùn irin gé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo lu ihò sí orí àti ìdí, mo fi òrùka so ìwọ̀ mọ́ ìdí, ó parí. Mo kà á pé Julio Buel gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1852, pé ṣíbí kan bọ́ sómi lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹja fi gbé e. Mo ń jù ú sínú odò Ìbù, ó ń dán, ó ń yí, ó sì máa ń lọ jìnnà ju igi lọ nítorí ìwúwo rẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò kó ọmọ bass wá sí àwọn odò wa?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Ṣàgámù:

Wọ́n kó o lọ sí Gúúsù Áfíríkà ní 1928, wọ́n kó o sí adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà ní 1929. Ní Gúúsù Áfíríkà, ó jẹ àwọn ẹja kéékèèké onílé run nínú ọ̀pọ̀ odò. Koríko tí ẹ̀gbọ́n Ìwópin ń ráhùn nípa rẹ̀ yẹn náà, àlejò ni. Ẹ jẹ́ kí bass wà níbi tó wà.

Ọmọ Apẹja Ìwópin:

Ẹ̀gbọ́n Agbẹ́ja, bí ètè bá ti tọ́, ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. N ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé yín lọ sí etí koríko kí oòrùn tó mú. Omi ti ń mọ́ báyìí tí òjò ti dáwọ́ dúró. Nígbà òjò, ìjẹ aláwọ̀ ewé yín kò ní hàn, ẹni tó bá fẹ́ dán an wò nígbà yẹn yóò lo dúdú pátápátá tàbí òféfèé. Ẹ mú sílípáàsì náà dání.

Agbẹ́ja Òde:

Mo ti Ìwópin dé.

Mo gbẹ́ èkejì gẹ́gẹ́ bí Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà ti wí, ẹnu kí ó tó di ara, ó sì lọ tààrà láti ìjù àkọ́kọ́ láìtẹ wáyà kankan. Mo ní láti jẹ́wọ́ pé ètè ló wọ́ lára ti àkọ́kọ́. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Láti agogo mẹ́fà ààbọ̀ títí di mẹ́jọ, kò sí nǹkan kan. Àbúrò wa ń fi ẹja ààyè pa tirẹ̀ ní ìdí ọkọ̀, kò sì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohun tí kò sọ. Nígbà tó yá, ó ní kí n má fà á léraléra mọ́, kí n fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí n dá a dúró kó léfòó díẹ̀, kí n tún fà á. Gíráàmù 2 ọjọ́sí wá wúlò níbí, torí ṣe ló ń gòkè pẹ̀lẹ́ bí ẹja tó rẹ̀. Ní ìdádúró kẹta tàbí ìkẹrin lẹ́bàá òṣíbàtà, okùn fà mọ́ mi lọ́wọ́ gbì. Onímú gígùn ni, sẹ̀ǹtímítà 31. Bí kì í bá ṣe fọ́nrán wáyà bíréèkì yẹn ni, n kì bá tí rí ẹja, n kì bá tí rí ìjẹ. Ìkọ́kọrẹ́ ni ìyàwó mi fi sè.

Olórí ejò bẹ́ bo sílípáàsì lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Àbúrò wa ní mo ń yára fà á.

Ìṣòro tuntun ni pé eyín ẹja náà ti lu ọ̀dà já ní ibi mẹ́rin. Nígbà tí mo délé, igi ti mu omi, ó ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìjẹ tó ń gòkè láàárọ̀ sì ti ń rì nínú báàfù lálẹ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ọ̀dà kì í dí igi, ó kàn ń bò ó ni. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ nínú ilé fún ọjọ́ mẹ́rin, kì í ṣe nínú oòrùn, kí ó má bàa là. Ẹ ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò. Ẹ po fánísì mọ́ tínà títí yóò fi ṣàn bí omi, kí ẹ rì í sínú rẹ̀ títí àwọn ìhó afẹ́fẹ́ kéékèèké kò fi ní jáde mọ́ lára igi, kí ẹ sì fi kọ́ fún ọjọ́ kan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ tó kun ọ̀dà ni o. Lẹ́yìn ọ̀dà, kí ẹ fi Araldite tí ẹ ti gbé sínú omi gbígbóná díẹ̀ kí ó lè ṣàn pa á lára yíká, kí ẹ sì máa yí i lọ́wọ́ títí yóò fi mú, kí ó má bàa kóra jọ sí ikùn.

Agbẹ́ja Òde:

Fánísì àkọ́kọ́ ti wọlé, ó wà lórí okùn aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé. Mo tún ti la ẹnu ẹ̀kẹta nígbà tí pákó rẹ̀ ṣì jẹ́ onígun mẹ́rin. Àbúrò Ìwópin, Sátidé tó ń bọ̀, bí òjò kò bá rọ̀.